Ta Ni Yóò Sẹ́ Omi? Ìtàn Àmù, Asẹ́ àti Sobìà ní Òkè-Ògùn

Nígbà tí Ẹ̀ka-Ẹ̀kọ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀ nínú ọ̀wọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń retí ni pé n ó sọ̀rọ̀ lórí ewì tàbí lórí ìtàn àròsọ, nítorí iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ àbúrò mi kan tí ó ń kọ́lé sí Ṣakí bi mí ní ìbéèrè kan tí kò kúrò ní ọkàn mi mọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin ni ẹ kàwé jù nínú ilé wa. Ṣé kí n ra asẹ́ omi sí ilé tuntun yìí ni, àbí kí a máa mu omi bọ́hóòlù náà bẹ́ẹ̀?" Lójú tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn. Kò mọ̀ pé ìbéèrè yìí gan-an ni ìyá tí ó bí bàbá mi dáhùn ní ọdún 1991, ní abà wa lójú ọ̀nà Ìṣẹ́yìn sí Ìpàpó, àti pé èmi tí ó ń pè ní ọ̀mọ̀wé yìí ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìdáhùn ìyá náà jẹ́.

Ẹ má ṣe rò pé mo fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ láti wá gba iṣẹ́ oníṣègùn ṣe. Bí ọ̀rọ̀ asẹ́ ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera, bẹ́ẹ̀ náà ni ó jẹ́ ọ̀rọ̀ èdè. Kí ènìyàn tó lè pinnu pé òun yóò máa sẹ́ omi, ó ní láti kọ́kọ́ gbà pé ohun kan wà nínú omi náà tí ó yẹ kí a yọ kúrò. Bí ojú kò bá sì tó ohun náà, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹlòmíràn ni yóò gbà gbọ́. Ọ̀rọ̀ ta ni? Orúkọ wo sì ni ẹni náà pe ohun tí ojú kò tó yìí? Níbi tí ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì yìí bá ti wọ́, asẹ́ kò lè dúró níbẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́ ni a fi pín in.

Ẹ wo bí èdè wa pàápàá ti ṣe ọ̀rọ̀ náà. "Sẹ́" ni ohun tí ìyàwó ilé ń ṣe sí ògì, tí omi ògì ń kán sínú igbá tí èèrí sì ń kù sínú aṣọ. "Sẹ́" náà ni ohun tí ọ̀daràn ń ṣe sí ẹ̀sùn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè yóò sọ pé ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n, pé ìró wọn ni ó kàn bára mu, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, n kò lè gbàgbé bàbá àgbà kan ní abà wa tí ó rẹ́rìn-ín títí nígbà tí wọ́n ní kí ó máa sẹ́ omi mímu. Ó ní omi tí ó tọ́ òun dàgbà, òun kò ní sẹ́ ẹ lójú ayé òun. Àwàdà ni, ṣùgbọ́n àwàdà tí ó ní egungun nínú ni. Láti sẹ́ omi jẹ́ ọ̀nà kan láti fi ẹ̀sùn kan omi.

Ó yẹ kí a mọ irú ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Òkè-Ògùn ni à ń pe ilẹ̀ ọ̀dàn tí ó wà ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́: Ìṣẹ́yìn, Òkèhò, Ìgànná, Òtu, Ìwéré-Ilé, Àgọ́-Àrẹ, Tedé, Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, Ìgbòho, Kìṣí, Ìgbẹ́tì àti Ṣakí, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ abà tí kò sí nínú àwòrán ilẹ̀ kankan. Odò Ògùn tí ó fún un ní orúkọ gba inú rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé ni ó jìnnà sí odò ní ìwọ̀nba. Láti oṣù kọkànlá tí òjò bá ti dá, tí ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, àwọn ìṣàn kéékèèké a gbẹ. Abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ sì kún fún àpáta, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó ń gbẹ́ kànga lè kan òkúta kí ó tó kan omi. Ohun tí ó máa ń ṣẹ́kù ni ọ̀gọ̀dọ̀, omi tí ó dúró sójú kan nínú kòtò, tí ó ń dínkù lójoojúmọ́ tí ó sì ń ki sí i bí ó ti ń dínkù. Ìdájí ni àwọn obìnrin ń lọ síbẹ̀ kí ẹran ọ̀sìn tó dé. Kò sí pèpéle, kò sí ohun èlò ìfami. Ẹni tí ó bá fẹ́ pọn omi yóò wọ inú rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀ tàbí dé orúnkún, yóò sì fi igbá gbọ̀n ọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹsẹ̀ tí ó wọ inú omi yìí sọ́kàn. A ó padà sórí rẹ̀.

Nígbà tí omi bá délé, inú àmù ni ó ń lọ. N kò mọ̀ bóyá àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà níhìn-ín rí àmù rí: ìkòkò ńlá tí a ri ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìgun ilé, tí omi inú rẹ̀ ń tutù nígbà tí gbogbo ayé ń gbóná. Kì í ṣe pé àwọn ìyá wa kò bìkítà fún ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bí omi bá dà bí ẹrẹ̀, wọ́n a fi álọ́ọ̀mù rò ó, wọ́n a sì jẹ́ kí ó tòrò. Bí tanwíjí bá ń jà nínú rẹ̀, wọ́n a da omi náà nù tàbí kí wọ́n fi aṣọ gbọ̀n ọ́n kúrò. Wọ́n ti ní asẹ́, wọ́n sì ti ní ọgbọ́n sísẹ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n ojú ni adájọ́ wọn. Omi tí ó bá tòrò, omi mímọ́ ni, kò sì sí ìdí kan tí ẹni tí orí rẹ̀ pé fi máa sẹ́ ohun tí ó ti mọ́.

Ẹlòmíràn sì wà tí ó ti bá wọn sọ̀rọ̀ àmù tẹ́lẹ̀, èyí ni wòléwòlé. Ní ìgbà ayé ìjọba òyìnbó àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, wòléwòlé a máa yọjú sínú àmù, bí ó bá sì rí tanwíjí, sámáńsì ni. Mo gbà pé wòléwòlé gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ó fi ohun kan sílẹ̀ sí ọkàn àwọn ìyá wa: àlejò tí ó bá ti ìlú wá tí ó ń tọ́ka sí àmù ẹni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wá gba owó ni.

Ọ̀rọ̀ wá kan sobìà. Aràn ni, èyí tí ó bá sì jáde lára ènìyàn, abo ni; ó lè gùn tó mítà kan. Ẹsẹ̀ ni ó sábà máa ń gbà jáde. Ara yóò kọ́kọ́ wú, yóò ta bí iná, yóò sì lé ròrò. Nígbà tí ibẹ̀ bá bẹ́, orí aràn náà yóò yọ bí òwú funfun. Títí di òní, kò sí oògùn kan tí ń pa á nínú ara, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ń dènà rẹ̀. Ohun tí àwọn àgbà ń ṣe náà ni àwọn dókítà ń ṣe: wọ́n a yí i mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́, díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà mìíràn. Bí ó bá já sínú, wàhálà dé. Kì í sábà pa ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ń pa iṣẹ́. Àgbẹ̀ tí ó yẹ kí ó kọ ebè yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹsẹ̀ lórí àpótí.

Ibo ni aràn yìí ti ń wá? Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí àwọn àgbà gbà ni pé kò ti ibì kankan wá, inú ara ni ó wà, bí iṣan. Gbogbo ènìyàn ni ó ní tirẹ̀; ohun kan ni yóò kàn ta á jí. Àwọn mìíràn a máa fi í sí abẹ́ Ṣọ̀npọ̀nná. Òwe wa pàápàá kò sọ̀rọ̀ omi. "Sobìà yóò degbò, olúgànbe là ń ké pè": ewé tí ń wo egbò ni òwe náà mọ̀. Mo ti kọ́ òwe yìí ní kíláàsì fún ọdún pípẹ́ gẹ́gẹ́ bí òwe ìmúrasílẹ̀, èyí tí ń kọ́ni pé kí a tètè wá ojútùú kí ọ̀ràn tó burú. Ó pẹ́ kí n tó kíyè sí i pé ìgbà tí a bá fi ń ké pe olúgànbe, ọ̀ràn náà ti pé nǹkan bí ọdún kan nínú ara. Òwe náà tètè ní ìwọ̀n ohun tí ojú lè rí.

Aleksei Fedchenko, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà kan, ni ó rí ohun tí ojú kò rí yìí ní nǹkan bí ọdún 1870 nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní agbedeméjì Éṣíà. Bí ẹni tí sobìà ń jáde lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bá ti ẹsẹ̀ náà bọ omi, aràn náà yóò tú ọmọ rẹ̀ sínú omi ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Kòkòrò omi tíntín kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní cyclops yóò gbé àwọn ọmọ aràn náà mì. Ẹni tí ó bá mu omi náà yóò gbé cyclops mì. Cyclops yóò kú nínú ikùn, ọmọ aràn yóò jáde, yóò sì máa dàgbà nínú ara ní jẹ́jẹ́. Ó tó nǹkan bí oṣù mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá kí ó tó yọ orí. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ fi ẹsẹ̀ tí ó wọ inú omi sọ́kàn. Ẹ̀wẹ̀, ẹ ro ti ọdún kan yìí dáadáa. Bí oúnjẹ kan bá run ọ́ nínú lónìí, o mọ̀ ọ́n lọ́la. Ta ni yóò jẹ́rìí sí omi tí o mu ní ẹ̀ẹ̀rùn èṣí? Ẹni tí ó ní sobìà dà bí iṣan tí ó ń jí kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tí ó fi ojú rí ni ó túmọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwọn àgbẹ̀ nìkan ni ó máa ń lọ́ra lórí ọ̀rọ̀ asẹ́. Ìlú ńlá Hamburg ní Jámánì ń fa omi láti inú odò Elbe, kò sì sẹ́ ẹ; àwọn alágbára ìlú ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jiyàn lórí owó tí yóò ná wọn. Altona tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń fa tirẹ̀ nísàlẹ̀ odò kan náà, níbi tí ẹ̀gbin Hamburg ti dà sí i, ṣùgbọ́n ó ń fi iyanrìn sẹ́ ẹ. Ní ọdún 1892 onígbáméjì dé. Ó lé ní 8,000 ènìyàn tí ó kú ní Hamburg, ohun tí ó ṣe Altona kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní Èkó tiwa, nígbà tí ìjọba Gómìnà Walter Egerton fẹ́ fa omi ẹ̀rọ wọ ìlú kí àwọn ará ìlú sì máa san owó rẹ̀, àwọn oníṣègùn méjì, Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa, ni wọ́n dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní 1908 láti ta kò ó. Oníṣègùn ni wọ́n, wọ́n mọ ohun tí omi ẹlẹ́gbin ń ṣe. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé ta ni ó pinnu fún wa, owó ta ni yóò sì san án. Ọdún 1915 ni omi Ìju tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn.

Kí n tó dé abà wa, mo ní láti gba Ìdèrè kọjá, nítorí ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ asẹ́ ilé yẹ̀wò fínnífínní ní agbègbè wa. Ìdèrè kì í ṣe Òkè-Ògùn. Ìbàràpá ni, ní gúúsù Ìṣẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọ̀dàn kan náà, ọ̀gọ̀dọ̀ kan náà àti sobìà kan náà ni. Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ibùdó ìlera ará ìlú ní Igbó-Ọrà láti ọdún 1963. Ní àwọn ọdún 1980, William Brieger, Jayashree Ramakrishna, Joshua Adeniyi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣiṣẹ́ ní Ìdèrè lórí ohun tí àwọn ará ibẹ̀ gbà gbọ́ nípa sobìà àti ohun tí ó lè mú wọn sẹ́ omi. Ohun tí ó wù mí jù nínú iṣẹ́ wọn ni pé wọn kò kàn kó asẹ́ wá láti ibòmíràn. Àwọn télọ̀ ìlú ni wọ́n rán an, àwọn ará ìlú tí a ti kọ́ ní iṣẹ́ ìlera ni wọ́n sì ń tà á fún ẹbí àti ará. Nítorí náà, ẹni tí ó ń sọ pé kòkòrò wà nínú omi rẹ jẹ́ ẹni tí o mọ ilé bàbá rẹ̀, tí ó sì ń mu nínú omi kan náà. Wòléwòlé kọ́ ni.

Àkókò yìí ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọdún 1981 sí 1990 sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ omi mímu, tí wọ́n sì ń dí odò Ògùn ní Ìkèrè nítòsí Ìṣẹ́yìn. Ní Kwara, Luke Edungbola ti Yunifásítì Ìlọrin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé níbi tí UNICEF ti ran ìjọba lọ́wọ́ láti gbẹ́ bọ́hóòlù ní agbègbè Aṣà, sobìà lọ sílẹ̀ gan-an. Kò sí iyàn níbẹ̀: ẹni tí ó bá ní bọ́hóòlù kò nílò láti jiyàn lórí ọ̀gọ̀dọ̀. Ṣùgbọ́n bọ́hóòlù kò dé gbogbo abà. Nígbà tí a ka àwọn alárùn náà káàkiri orílẹ̀-èdè wa fún ìgbà àkọ́kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1988, wọ́n lé ní 650,000. Fún irú abà bíi tiwa, aṣọ náílọ́ọ̀nù ni ó kọ́kọ́ dé.

Omidan òṣìṣẹ́ ìlera kan ni ó gbé e wá, ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1991. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí, mo ti parí ilé-ẹ̀kọ́ girama, mo sì ń ṣe bí ẹni tí ó mọ gbogbo nǹkan. Ó kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà, ó ní, "Ìyá, ẹ kú ìsinmi. Omi yín ni mo bá wá." Ìyá Àgbà ní, "Kí ni omi mi ṣe ọ́, ọmọ mi?" Omidan náà ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kòkòrò tí ń gbé sobìà. Ìyá Àgbà tẹ́tí sí i títí, lẹ́yìn náà ó ní kí ó fi kòkòrò náà han òun.

Ọmọbìnrin náà gbọ́n. Ó bu omi láti inú àmù sínú ìgò funfun, ó gbé e sójú oòrùn. Ojú Ìyá Àgbà ti ṣú nígbà náà, ó sì pè mí. Ó ní, "Ìwọ tí o kàwé, kí ni o rí?" Mo rí i. Mo rí àwọn ohun funfun kéékèèké bí ẹni gún iyọ̀ sínú omi. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ pé kòkòrò àrùn kò ṣe é fi ojú lásán rí, pé àfi pẹ̀lú awò tí ń sọ kékeré di ńlá. Nítorí náà mo dáhùn pẹ̀lú ìgboyà pé, "Ìyá, eruku ni. Ohun tí ojú bá ti lè rí kò lè jẹ́ kòkòrò àrùn." Omidan náà wò mí bí ẹni tí a gbá létí. Ìyá Àgbà kò dá mi lóhùn. Ó pe àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó ní kí òun náà wò ó. Ọmọ náà ní, "Ìyá, wọ́n ń fò." Ìyá Àgbà yí sí mi, ó ní, "Eruku a máa fò nínú omi?"

Mo ti sọ ìtàn yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi rí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín mi, ó sì tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìyá náà ṣe. Kò kàwé. Ó ní ẹlẹ́rìí mẹ́ta níwájú: àlejò tí ó mọ̀ ọ́n, ọmọ-ọmọ tí ó rò pé òun mọ̀ ọ́n, àti ọmọdé tí kò mọ nǹkan kan ju ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ. Ó gba ti ọmọdé, ó sì fi ti ọmọdé wọn ti àwa méjèèjì.

Síbẹ̀, ìpinnu rẹ̀ kì í ṣe èyí tí omidan náà retí. Ó ní òun yóò máa sẹ́ omi fún àwọn ọmọdé. Ní ti òun, tòun ti wà nínú ara òun tipẹ́. Ó sọ ilé di alámù méjì: àmù ọmọdé tí ó ń ta asẹ́ bo ẹnu rẹ̀, àti àmù àgbà. Ẹ kò rí i? Kò ju ìmọ̀ àtijọ́ nù kí ó tó gba tuntun. Ó gbé wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí àmù méjèèjì. Ẹni tí ó bá ń kọ̀wé nípa bí ìmọ̀ ṣe ń wọ ìlú, tí kò sì rí irú ilé alámù méjì bẹ́ẹ̀ rí, n kò mọ ohun tí ó ń kọ.

Iṣẹ́ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Asẹ́ náà ní ojú àti ẹ̀yìn; bí a bá yí i padà láìfọ̀ ọ́, àwọn kòkòrò tí ó wà lójú rẹ̀ lánàá ni a óò dà sínú àmù lónìí. Ìyá Àgbà fi òwú pupa rán àmì sí etí kan rẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé kan ń fi tiwọn sẹ́ ògì, nítorí pé ó ń yára kán, a kò sì lè bá wọn wí púpọ̀: ẹ fún alásẹ́ ní asẹ́ tí ó dára ju tirẹ̀ lọ, kí ni ẹ rò pé yóò ṣe?

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí pé kí ló dé tí a fi ń wá náílọ́ọ̀nù ní ẹ̀bá Ìṣẹ́yìn, ìlú tí ó ń hun sányán, àlàárì àti ẹtù fún gbogbo Yorùbá. Ìdáhùn wà nínú òwú. Aṣọ òwú tí ó nípọn a máa dá omi dúró, ẹrẹ̀ a sì tètè di í lójú. Èyí tí ó fẹ́lẹ́, ojú rẹ̀ kì í dọ́gba. Náílọ́ọ̀nù náà ní ojú tí ó dọ́gba, omi ń yára gbà á kọjá, cyclops kò lè gbà á. Ṣùgbọ́n kí àwọn ahunṣọ má ṣe banújẹ́. Ní Bangladesh, Rita Colwell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn obìnrin ní abúlé 65 ṣẹ́ ògbólógbòó aṣọ sari po ní ìṣẹ́po mẹ́rin ó kéré tán, kí wọ́n fi sẹ́ omi. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2003 ni pé onígbáméjì fi ìwọ̀n 48 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù, nítorí pé kòkòrò onígbáméjì a máa lẹ̀ mọ́ irú àwọn ẹ̀dá omi tí cyclops jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Ògbólógbòó ni wọ́n fẹ́, nítorí pé fífọ̀ léraléra a máa mú kí òwú rẹ̀ wú kí ojú rẹ̀ sì há. Àkísà ni ó ṣe iṣẹ́ náà ju aṣọ tuntun lọ.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1992 ni sobìà yọ ní ọrùn ẹsẹ̀ àbúrò mi, ọmọ kan náà tí ó ní "wọ́n ń fò." Kò lè rìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọdún náà ni ó yẹ kí ó ṣe ìdánwò àṣewọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Kò ṣe é. Gbogbo abà ni ó sọ pé asẹ́ náà kò ṣiṣẹ́, àwọn mìíràn sì yọ tiwọn lẹ́nu àmù. Ìyá Àgbà nìkan ni ó bi ọmọ náà léèrè pé ibo ni ó ti mu omi lẹ́yìn ilé. Ọmọ náà wò mí. Èmi ni mo mú un lọ sóko iṣu ní ìjọ́mìíràn. Òùngbẹ gbẹ wá, mo bu omi fún un nínú ọ̀gọ̀dọ̀ oko, mo sì mu tèmi. Omi náà tòrò. Sobìà kò yọ lára mi. N kò mọ ìdí rẹ̀, n kò sì tíì dáwọ́ ríronú sí i dúró.

Ibi tí ọgbọ́n asẹ́ ilé parí sí gan-an nìyẹn. Ní Òkè-Ògùn, ọ̀pọ̀ omi tí àgbẹ̀ ń mu kì í ṣe inú ilé ni ó ti ń mu ún. Ìyá Àgbà gé etí asẹ́ rẹ̀, ó fi okùn so ó mọ́ ẹnu kèǹgbè tí àwọn ọmọ ń gbé lọ sóko. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan ni mo kà á pé àwọn elétò ìlera ti ń ṣe asẹ́ oníhò bíi ìfèrè, tí a ń so mọ́ ọrùn, fún àwọn darandaran àti àgbẹ̀ láti fi fa omi mu lójú ọ̀nà. Inú mi dùn, mo sì rẹ́rìn-ín.

Bí ó ti parí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ilé-iṣẹ́ Ìlera, Carter Center, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF ń pín asẹ́, wọ́n ń da oògùn temephos sínú ọ̀gọ̀dọ̀ láti pa cyclops, wọ́n sì ń bẹ ẹni tí sobìà bá yọ lára rẹ̀ pé kí ó má ṣe ti ẹsẹ̀ bọ omi. Ọ̀gágun Yakubu Gowon dara pọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà ní 1999, ó ń lọ láti abúlé dé abúlé. Ẹni tí sobìà yọ lára rẹ̀ kẹ́yìn ní Nàìjíríà jẹ́ ará Ìpínlẹ̀ Enugu, ní oṣù kọkànlá ọdún 2008. Ní oṣù kejìlá 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé sobìà ti tán ní ilẹ̀ wa. Ìyá Àgbà kò wà láyé láti gbọ́ ọ. Ní gbogbo àgbáyé, níbi tí a ti fojú díwọ̀n mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ alárùn ní ọdún 1986, 14 péré ni a kà ní ọdún 2023.

Kí wá ni mo sọ fún ọmọ àbúrò mi? Mo sọ fún un pé asẹ́ tí ó gba ìyá àgbà mi kò lè gba òun. Ohun tí ó lè wà nínú omi bọ́hóòlù Ṣakí kì í ṣe ohun tí ń fò nínú ìgò. Bí ó bá jìn, tí ẹnu rẹ̀ sì dí dáadáa, omi náà lè dára láìsí asẹ́ kankan. Bí ó bá sún mọ́ ṣáláńgá, ó lè ní kòkòrò onígbáméjì tàbí ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun, èyí tí aṣọ kankan kò lè dá dúró fúnra rẹ̀. Onígbáméjì kò tíì lọ bí sobìà ti lọ. Ní 2021 nìkan, ó lé ní 3,500 ènìyàn tí a kà pé ó pa ní Nàìjíríà. Mo ní kí ó gbé omi náà lọ fún àyẹ̀wò kí ó tó náwó, kí ó sì tún gbé e lọ nígbà òjò, nítorí pé omi ẹ̀ẹ̀rùn àti omi òjò kì í ṣe ẹlẹ́rìí kan náà. Mo ní asẹ́ alámọ̀ tí ó dára ń dá ọ̀pọ̀ kòkòrò dúró, ṣùgbọ́n bí kò bá ní ẹni tí yóò máa fọ̀ ọ́, kí ó kúkú máa se omi. Mo tún bi í léèrè pé níbo ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń mu omi tí wọ́n bá kúrò nílé.

Ó ní òun yóò rò ó. Lẹ́yìn náà mo ní kí ó bi bàbá rẹ̀ nípa àpá tí ó wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dákẹ́ lórí fóònù fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Àpá yẹn? Bàbá mi sọ fún wa pé kẹ̀kẹ́ ni ó gbá àwọn nígbà tí àwọn wà ní kékeré."